Ọkọ̀ Àbúrò Mi, Ìbàdí Màmá Wa

Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù Kẹfà

Dókítà dá Màmá sílẹ̀ lónìí. Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ni Màmá lò lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù lẹ́yìn tí wọ́n yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀, irin sì ti wà níbàdí wọn báyìí. Dókítà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ gbáko ni a ó fi máa gbé wọn padà wá, lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, kí nọ́ọ̀sì lè máa kọ́ wọn ní ìrìn. Tí a bá ń pa á jẹ, ó ní ẹsẹ̀ náà á gan, Màmá ò sì ní dìde mọ́. Bó ṣe là á mọ́lẹ̀ nìyẹn, lójú Màmá fúnra wọn.

Láti àárọ̀ ni mo ti fọ ọkọ̀ mi. Mo tẹ́ tìmùtìmù méjì sórí ìjókòó iwájú, mo rán aṣọ rírọ̀ mọ́ bẹ́líìtì kó má baà há wọn níkùn. Aṣọ rírán niṣẹ́ mi, mo sì rán an dáadáa. Àfi bí a ṣe ti Màmá jáde lórí kẹ̀kẹ́ aláìsàn tí mo rí àbúrò mi, Àbígbẹ̀yìn, pẹ̀lú ọkọ̀ tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà lóṣù tó kọjá. Ó ti gbé e kọ ẹnu ọ̀nà gan-an. Màmá ò tiẹ̀ wo ọ̀dọ̀ mi.

"Ẹ jẹ́ n wọ èyí tó ga yìí. Mi ò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí n tó wọlé."

Èmi tí mo ti ń gbé wọn kiri láti ọdún mọ́kànlá, báàgì ni wọ́n kó fún mi, pẹ̀lú póò. Èmi àti póò la jọ tẹ̀lé wọn délé.

Nígbà tí a wọlé, Màmá ní àwọn ò mọ ìgbà tí a dé, pé oorun ló gbé àwọn lọ. Mo ní, "Ẹ kú oorun, Màmá."

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún

Àbígbẹ̀yìn ti pín ọjọ́. Òun ló ni Ajé àti Ẹtì, èmi ni mo ni Ọjọ́rú. Ẹ̀ẹ̀kan péré nínú ẹ̀ẹ̀mẹta, èmi àkọ́bí. Ó ní kí iṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi má baà dúró ni òun ṣe ṣe é bẹ́ẹ̀. Mo ní ó ṣeun. Ẹnu mi ló sọ ọ́, kò dé ọkàn.

Lónìí ni mo gbé wọn. Gbogbo kòtò tí táyà mi bá ti wọ̀, Màmá á ké "Yéè!", wọ́n á di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú. Tí ìrora bá sì ti lọ tán, ọ̀rọ̀ ló kù. Wọ́n sọ ti ìyàwó onílé tó ń ṣe bíi pé òun ló ni adúgbò, wọ́n sọ ti aṣọ kan tí mo bà jẹ́ lọ́dún tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ṣẹ́, wọ́n bi mí ìdí tí ọkọ mi fi ń rù. Ẹnu wọn ò sinmi títí a fi gun òkè dé ọsibítù. Kòtò lọ́tùn-ún, ọ̀rọ̀ lósì, orí mi fẹ́ là.

Ẹtì, ọjọ́ keje

Ojú títì ni ṣọ́ọ̀bù mi kọjú sí, nítorí náà mo rí wọn nígbà tí wọ́n ń kọjá lọ. Wọn ò tíì dé ilé epo tí orí Màmá ti fẹ̀yìn tì, tí ẹnu wọn ti là sílẹ̀, oorun àsùnwọra. Nínú ọkọ̀ tèmi, Màmá ò sùn rí. Ọdún mọ́kànlá!

Àwọn aládùúgbò tó wá kí wọn nírọ̀lẹ́, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni wọ́n bá lẹ́nu Màmá. "Ó ní nǹkan roboto kan tí Àbígbẹ̀yìn máa ń yí. Tó bá ti yí i báyìí, ọkọ̀ á fara balẹ̀, ẹ ò tiẹ̀ ní mọ̀ pé ẹ ń lọ." Wọ́n fi ọwọ́ júwe yíyí náà fún ẹni márùn-ún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Èmi ni mo ń gbé omi fún àwọn àlejò.

Ajé, ọjọ́ kẹwàá

Òjò. Kì í ṣe ọjọ́ mi. Mo gé ẹsẹ̀ ṣòkòtò oníbàárà kan kúrú ju èkejì lọ nítorí pé ojú títì ni mo ń wò.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Ibi iṣẹ́ Àbígbẹ̀yìn ń rán an lọ kọ́ ẹ̀kọ́ kan fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ọkọ̀ òfuurufú ló máa wọ̀. Ó ní kí n máa fi ọkọ̀ òun gbé Màmá. Inú mi dùn. Lẹ́yìn náà inú bí mi pé inú mi dùn.

Ó mú mi jókòó sínú rẹ̀, ó fi nǹkan roboto náà hàn mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ jíà. Àwòrán mẹ́rin ló wà lára rẹ̀: ewé, àga, àsíá, àti táyà tó wà nínú ẹrẹ̀.

"Àǹtí mi, ẹ má bẹ̀rù rẹ̀ o. Ọkọ̀ kan náà ni, ìwà ẹ̀ ló kàn ń yí padà."

"Ta ló sọ fún ẹ pé ẹ̀rù ń bà mí?"

"Mo kàn ń sọ ni o. Mo ti kọ gbogbo ẹ̀ sínú ìwé fún yín, ibi tí ẹ ti máa lo ọ̀kọ̀ọ̀kan."

Èmi ni mo kọ́ ọmọ yìí ní ọkọ̀ wíwà. Pápá ilé ìwé la ti ṣe é, oṣù mẹ́ta, pẹ̀lú ẹkún, pẹ̀lú kílọ́ọ̀ṣì tó jó. Òun ló wá ń kọ ìwé fún mi lónìí! Mo ká ìwé náà sí mẹ́rin, mo fi sábẹ́ ẹsẹ̀ máṣíìnì mi tó máa ń mì. Kò mì mọ́. Ó wúlò.

Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Mo yí i sí àsíá. Mo rò ó pé àsíá ni wọ́n máa ń jù fún ẹni tó bá borí, ó ní láti jẹ́ pé òun ló dára jù. Ọkọ̀ náà sì dáhùn! Mo kàn fi ẹsẹ̀ kan epo ni, ó fò síwájú bí ẹni tí wọ́n nà lẹ́gba. A gun òkè náà bíi pé a ń sọ̀kalẹ̀. Mo ya ọkọ̀ mẹ́rin sílẹ̀. Mo rò pé Màmá ń wò mí.

Màmá ò wò mí. Ọwọ́ méjèèjì ni wọ́n fi di ìjókòó mú, òógùn bo iwájú orí wọn. Abẹ́ ọkọ̀ ti le koko, gbogbo òkúta tó wà lójú ọ̀nà ló ń wá bá wọn níbàdí. Wọn ò sọ ohunkóhun ní àlọ. Ní àbọ̀ ni wọ́n tó sọ gbólóhùn kan.

"Báyìí kọ́ ni Àbígbẹ̀yìn ṣe ń wà á."

Ó dùn mí wọ eegun.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkàndínlógún

Màmá kọ̀, wọn ò lọ. Ìbàdí wú. Wọ́n ní ká fi àwọn sílẹ̀ títí Àbígbẹ̀yìn á fi dé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin! Mo bẹ̀ wọ́n, mo kúnlẹ̀, wọ́n kọjú sí ògiri. Nọ́ọ̀sì pè mí lórí fóònù pé ọjọ́ kan ti lọ, kí n má jẹ́ kó di méjì. Mi ò lè sọ fún un pé èmi ni mo fà á. Nígbà tí Àbígbẹ̀yìn pè, mo ní dáadáa ni gbogbo nǹkan ń lọ.

Tí Màmá ò bá rìn mọ́, wọ́n á ní ọjọ́ tí àkọ́bí fi ọkọ̀ sáré ni. Mi ò lè gbé irú ẹ̀ lórí.

Ọjọ́bọ̀, ogúnjọ́

Mo lọ bá mẹkáníìkì tó ń tún ọkọ̀ mi ṣe. Àgbà ọkùnrin ni, ọ̀dọ̀ bàbá wa ló wà nígbà tí bàbá wa ń wa ọkọ̀ ńlá. Ó ṣí ẹ́ńjìnnì, ó wò ó títí, ó tún pa á dé.

"Ọmọ ọ̀gá mi, tèmi ò dé ibí yìí. Kọ̀ǹpútà ló ń darí eléyìí. Àmọ́ wọn kì í ta ọkọ̀ láìsí ìwé ẹ̀. Ṣé o ti kà á?"

"Ìwé wo, sà?"

"Ó wà nínú àpótí iwájú yẹn. Àbí o máa ń rán aṣọ láì wọn oníbàárà ni?"

Ojú tì mí. Ìwé náà nípọn bíi búlọ́ọ̀kù. Mo kà á dé ibi tí wọ́n ti ń kọ́ èèyàn bí wọ́n ṣe ń ṣí fèrèsé, mo fò ó, mo wá ibi tí àwòrán mẹ́rin yẹn wà. Ti Àbígbẹ̀yìn ṣì wà lábẹ́ ẹsẹ̀ máṣíìnì. Ibẹ̀ ni yóò wà.

Ẹtì, ọjọ́ kọkànlélógún

Màmá gbà láti lọ, torí nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ bá wọn sọ̀rọ̀. Ewé ni mo lò lónìí. Ìwé ní ewé kì í jẹ epo púpọ̀, epo sì tún ti gbówó lórí láti Ọjọ́rú. Lórí títì tó tẹ́jú, ó dára. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dé òkè, mo tẹ epo, ọkọ̀ ń rò ó. Mo tún tẹ̀ ẹ́, ó ṣì ń rò ó. Tírélà kan wà lẹ́yìn wa tó ń fun fèrè bíi pé ìyá rẹ̀ ló wà lọ́dọ̀ wa. Inú bí mi, mo tẹ epo dé ilẹ̀, ọkọ̀ sì fò síwájú lẹ́ẹ̀kan náà. "Yéè!" ni Màmá ké. Ooru tún mú wa, nítorí ewé a máa fi atẹ́gùn tútù ṣahun.

Nọ́ọ̀sì ní ẹsẹ̀ ti gan díẹ̀. Ọjọ́ kan péré tí a pa jẹ.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlélógún

Mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù pa lónìí, mo ní ara mi ò yá. Mo bu omi sínú bàsíà dé ìdajì, mo fi ṣọ́ọ̀kì tí mo fi ń sàmì sáṣọ fa ìlà yí inú rẹ̀ ká, ìka méjì sókè omi. Mo gbé e sórí ìjókòó Màmá, mo de bẹ́líìtì mọ́ ọn, mo gbé e lọ sí pápá ilé ìwé àti ọ̀nà gíga tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìpinnu mi ni pé tí omi bá ti pa ìlà ṣọ́ọ̀kì rẹ́, Màmá ti ké nìyẹn.

Àsíá: ìlà ti parẹ́ kí n tó dé géètì. Ewé: ó gbìyànjú lórí pẹrẹsẹ, àmọ́ nígbà tí ọ̀nà ga, ẹsẹ̀ mi bínú, omi dà sórí ìjókòó. Mo nù ún, mo tún ìlà fà. Àga: ó ṣẹ́kù ju ìdajì lọ. Abẹ́ ọkọ̀ rọ̀, ó ń gba kòtò mọ́ra. Síbẹ̀ kò pé. Mo jókòó, mo rò ó. Lẹ́yìn náà mo bọ́ bàtà mi, mo fi ẹsẹ̀ lásán tẹ epo àti bíréèkì, díẹ̀díẹ̀, bí mo ṣe máa ń tẹ máṣíìnì tó bá jẹ́ pé aṣọ sílíìkì ló wà lábẹ́ abẹ́rẹ́.

Àga pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán: ìlà pé, kò sí ibi tó parẹ́! Mo pariwo lémi nìkan nínú ọkọ̀. Ọdẹ ilé ìwé wá wò ó bóyá kò sí nǹkan. Obìnrin tí kò wọ bàtà ló bá, tó ń bá bàsíà yọ̀.

Ajé, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Òjò láti ìdájí. Ibi tí wọ́n ti ń ṣe ọ̀nà kí èèyàn tó dé títì ti di ẹrọ̀fọ̀ pátápátá, ọkọ̀ méjì ti rì síbẹ̀, táyà wọn ń yí lójú kan. Mo yí nǹkan roboto sí ẹrẹ̀. Ìwé ní kí n má fi agbára tẹ epo, kí n má dúró láàárín. Mo ń lọ bí ẹni tó gbé omi sórí. A yọ! Mo dá a padà sí àga, a gun òkè. Màmá ké lẹ́ẹ̀kan péré, ibi kòtò ńlá ẹnu ọ̀nà ọsibítù, kòtò yẹn ò sì ní ojú àánú fún ẹnikẹ́ni.

"O gbìyànjú," ni Màmá wí, wọ́n sì padà sórí ọ̀rọ̀ ìyàwó onílé.

Mo ń fi í yangàn lọ́kàn títí di ìrọ̀lẹ́. Ìgbà náà ni Àbígbẹ̀yìn pè, mo gbọ́ tí Màmá ní, "Ọkọ̀ rẹ dára o, ó gbé wa la ẹrẹ̀ já!" Ọkọ̀ rẹ. Ẹni tó wà á ńkọ́?

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Mi ò fẹ́ kọ ti òní, àmọ́ n ó kọ ọ́.

Bàbá wa ló kọ́ mi pé ọkọ̀ tó bá ń sọ̀kalẹ̀ lórí òkè kò yẹ kó máa jẹ epo. Kí n yọ jíà, kí n fi sí fíríì, kó máa yí lọ fúnra rẹ̀. Bí gbogbo awakọ̀ ìgbà wọn ṣe ń ṣe é nìyẹn, bí mo sì ṣe ń ṣe é nìyẹn láti ọjọ́ tí mo ti mọ ọkọ̀ wà. Mo rò ó pé tí mo bá fi ewé àti fíríì pọ̀, Àbígbẹ̀yìn á dé bá epo púpọ̀ nínú ọkọ̀ rẹ̀, á sì mọ ẹni tó jẹ́ ọ̀gá. A ń bọ̀ láti ọsibítù, òjò ń rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, mo yọ ọ́ sí fíríì.

Ó kọ́kọ́ dùn, kò pariwo rárá. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà wúwo ju tèmi lọ dáadáa. Kí n tó mọ̀, ó ti ń sáré. Mo ń tẹ bíréèkì, bíréèkì ń rùn, ẹsẹ̀ mi ń wọlẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Nísàlẹ̀ òkè, àwọn ọkọ̀ ti tò, wọ́n dúró.

"Dá a padà sí jíà!" Màmá ló pariwo. "Dá a padà, kó o fà á sí kékeré!"

Mo dá a padà. Ẹ́ńjìnnì bú, ó fa ọkọ̀ sẹ́yìn, mo tún tẹ bíréèkì mọ́ ọn. A dúró. Àyè tó wà láàárín wa àti ọkọ̀ iwájú, àtẹ́lẹwọ́ mi ló máa gbà, kò ní gba méjì.

Màmá mí kanlẹ̀. "Bàbá yín náà máa ń ṣe é. Ojú ni mo máa ń dì." Wọ́n gbé ọwọ́ lé ọwọ́ mi. "Má ṣe é mọ́."

Mo dé ṣọ́ọ̀bù, mo yọ ìwé Àbígbẹ̀yìn lábẹ́ ẹsẹ̀ máṣíìnì. Gbogbo ohun tí mo fi bàsíà wá kiri ló wà níbẹ̀, lẹ́sẹẹsẹ. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, ó fa ìlà méjì sí ìdí gbólóhùn kan: "Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi sí fíríì lórí òkè. Mo mọ̀ yín."

Ẹtì, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Nọ́ọ̀sì fọwọ́ kan ẹsẹ̀ Màmá, Màmá fò. Ó pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Màmá oníṣọ́ọ̀bù, ṣé wọ́n ń lo oògùn ìrora kí ẹ tó kúrò nílé? Wákàtí kan ṣáájú ni mo sọ o."

"Wọ́n ń lò ó, mà. Èmi ni mo máa ń kó o lé wọn lọ́wọ́."

"Kò jọ ọ́. Ẹni tó bá lo oògùn yẹn, oorun ló máa sùn nínú ọkọ̀."

Ní àbọ̀, mo yà sí ilé epo, mo pa ọkọ̀. Mo ní kí Màmá fi inú pọ́ọ̀sì wọn hàn mí. Wọ́n kọ́kọ́ ṣe bíi pé wọn ò gbọ́, wọ́n wá ṣí i. Oògùn méje wà nínú áńkáṣífì, wọ́n dì wọ́n dáadáa.

"Màmá! Gbogbo ìrora yẹn, nítorí kí ni?"

"Tí mo bá lò ó, mo máa sùn."

"Ṣebí ẹ máa ń lò ó tó bá jẹ́ Àbígbẹ̀yìn ló ń gbé yín?"

"Fóònù Àbígbẹ̀yìn kì í dákẹ́. Iṣẹ́ ń lé e. Mo máa ń sùn kí n má baà dí i lọ́wọ́." Wọ́n ń tún áńkáṣífì ká. "Ìwọ ńkọ́, láàárọ̀ o ti wà ní ṣọ́ọ̀bù, nírọ̀lẹ́ ó ti rẹ̀ ọ́, tí mo bá ní n sọ nǹkan, o ní 'Màmá, ó dọ̀la.' Inú ọkọ̀ nìkan ni mo ti ń rí ẹ bá sọ̀rọ̀. Ṣé kí n wá fi oorun ba àyè yẹn jẹ́ ni?"

Mi ò lè ṣáná sí ọkọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Mo ń sunkún, inú mi sì ń dùn, ojú ara mi sì ń tì mí, gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ọ̀sẹ̀ mélòó ni mo fi ń jowú oorun! Ọ̀rọ̀ tí mo pè ní ariwo, òun ni wọ́n ń fi ìrora rà.

Mo pe nọ́ọ̀sì. Ó ní ìdajì oògùn lè tó, á dín ìrora kù, wọn ò sì ní sùn.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹta oṣù Keje

Ìdajì oògùn. Àga. Ẹsẹ̀ lásán. Màmá ò ké rárá, ẹnu wọn ò sì dákẹ́ rárá. Mo gba ọ̀nà tó jìn padà sílé. Epo tó bá lọ, kó máa lọ.

Ajé, ọjọ́ kẹjọ

Ìgbésẹ̀ mẹ́rìnlá pẹ̀lú ọ̀pá! Nọ́ọ̀sì kà á sókè. Ọkọ mi ní mo ti ń sanra.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹtàlá

Àbígbẹ̀yìn dé. Màmá fi ọ̀pá rìn dé ẹnu ilẹ̀kùn lọ pàdé rẹ̀, ọmọ náà bú sẹ́kún. Ó yí ọkọ̀ rẹ̀ po, kò rí ibi tó bó. Ó wo epo, ó kí mi. Mo ti rò pé inú mi á dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ kọ́kọ́rọ́ tí mo fà lé e lọ́wọ́ ń dùn mí.

Nígbà tí Màmá lọ sinmi, ó wá bá mi ní ìdáná. Ó dúró títí, ó ń fi ọwọ́ pa etí tábìlì.

"Àǹtí mi, kí lẹ máa ń bá Màmá sọ nínú ọkọ̀?"

"Kí ló dé?"

"Gbogbo ìgbà tí mo bá pè wọ́n, wọ́n á ní, 'Èmi àti ẹ̀gbọ́n rẹ sọ̀rọ̀, a sọ̀rọ̀, a ò mọ ìgbà tí a dé.' Tó bá jẹ́ èmi, wọn kì í la ojú. Torí orúnkún wọn tó máa ń dùn wọ́n ni mo ṣe ra ọkọ̀ gíga, kí ti ìbàdí tó ṣẹlẹ̀. Mo rò pé tí ara bá tù wọ́n níbẹ̀, wọ́n á máa bá mi ṣeré bí wọ́n ṣe ń bá yín ṣe. Oorun ni wọ́n ń sùn." Ó gbójú sókè. "Mo máa ń jowú yín, Àǹtí mi. Ó ti pẹ́."

Ìdáhùn wà lẹ́nu mi. Mo gbé e mì, mo ní kó wá jẹun.

Àìkú, ọjọ́ kẹrìnlá

Mi ò sọ fún un.

Ajé, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Ó gbé wọn lọ. Odindi oògùn, fóònù létí, Màmá ti sùn kí wọ́n tó dé ilé epo. Mo rí i láti ṣọ́ọ̀bù. Inú mi dùn, ká má purọ́. Inú mi dùn dé ibi tí kò dára.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Ọjọ́ mi. Ọkọ̀ mi àtijọ́ ni mo fi gbé wọn, kò sí àga, kò sí ewé, ẹsẹ̀ lásán nìkan ni mo mú wá. Kòtò kan náà ni, àmọ́ Màmá ò ké. Wọ́n ní ó dà bíi pé ọkọ̀ náà ti kọ́ ìwà ọmọlúàbí. Mo rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí a dé orí òkè, wọ́n dákẹ́ lójijì, wọ́n ń wo ìta.

"Ṣé mo ṣẹ àbúrò rẹ ni?"

"Kí lẹ ṣe fún un, Màmá?"

"Mi ò mọ̀. Kì í bá mi sọ nǹkan kan. Ó máa gbé mi jókòó, ó máa fún mi ní oògùn, ó máa yí nǹkan rẹ̀. Mo máa ń sùn kó má baà dà bíi pé mo ń retí."

Èmi nìkan ni mo mọ ohun tí àwọn méjèèjì ń sọ, èmi nìkan sì ni ó ń ṣe láǹfààní.

Nírọ̀lẹ́ mo pe Àbígbẹ̀yìn wá sí ṣọ́ọ̀bù, mo ní kó jókòó. Mo sọ fún un bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ iṣẹ́.

"Ìdajì oògùn ni kó o fún wọn, nọ́ọ̀sì ti fọwọ́ sí i. Pa fóònù rẹ, má kàn dín ohùn ẹ̀ kù, pa á pátápátá. Àga ni kó o yí i sí. Bọ́ bàtà rẹ. Má bi wọ́n ní nǹkan kan títí wàá fi kọjá ilé epo, àwọn fúnra wọn ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀. Tí wọ́n bá ń sọ ti ìyàwó onílé, má gbèjà rẹ̀ o."

Ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Àbúrò mi ń kọ ọ̀rọ̀ mi sínú ìwé. Ó yẹ kó dùn mọ́ mi nínú. Bí ìgbà tí mo ń tú aṣọ tí mo ti rán tán ló rí lára mi.

Ẹtì, ọjọ́ kọkàndínlógún

Wọ́n kọjá ní aago mẹ́jọ ààbọ̀. Mo ti kọ ẹ̀yìn sí títì kí n má baà wò, mo tún dìde lọ wò. Ojú Màmá wà lára Àbígbẹ̀yìn, ọwọ́ wọn ń lọ sókè sódò, àwọn méjèèjì ń rẹ́rìn-ín. Wọn ò wo ọ̀dọ̀ ṣọ́ọ̀bù mi rárá. Owú bò mí débi pé mo jókòó lórí aṣọ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀.

Ní ọ̀sán, Àbígbẹ̀yìn sáré wọlé wá bá mi, kò tiẹ̀ pa ọkọ̀. Ojú rẹ̀ ń dán.

"Àǹtí mi, ẹ ṣeun! Wọn ò dákẹ́ o! Ẹ gbọ́, ṣé ẹ mọ̀ pé Màmá mọ ọkọ̀ wà? Kí wọ́n tó fẹ́ Bàbá! Ẹ̀gbọ́n wọn ló kọ́ wọn, ọkọ̀ ńlá pàápàá ni wọ́n fi kọ́ ọ, wọ́n tiẹ̀ máa ń fi í kó ẹrù. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n wọlé Bàbá ni Bàbá ní wọn ò gbọ́dọ̀ jókòó sídìí sítíárìn mọ́. Wọ́n ní ó ṣì ń dun àwọn títí dòní. Àbí wọ́n ti sọ fún yín?"

Ọdún mọ́kànlá ni Màmá fi jókòó tì mí. Mo yí jíà lójú wọn, mo fún wọn lẹ́kọ̀ọ́ lórí bí wọ́n ṣe ń gun òkè, wọ́n ń gbọ́, wọ́n ń mi orí, wọn ò sì fi ẹnu kan án rí.

Àbúrò mi ń wò mí lẹ́nu, ó ń retí kí n pariwo, kó jọ ya àwa méjèèjì lẹ́nu.

"Mo mọ̀ tipẹ́," ni mo dá a lóhùn, mo sì tẹ máṣíìnì.